Aṣọ Ìnuwọ́, Omi Ìwẹwọ́ àti Àṣẹ́kù: Àtúnkà Tábìlì Lákúnlé láti Ibi Àríyá ní Ṣáṣá

Ìfáàrà

Nínú ìṣelámèyítọ́ lítíréṣọ̀ wa, a ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí aṣọ, orúkọ, ijó àti èdè gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀làjú òkèèrè àti àṣà Yorùbá ti ń pàdé. Ibi oúnjẹ kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì mẹ́nu bà á, a máa ń yára pín in sí méjì: ọwọ́ jẹ́ ti Yorùbá, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jẹ́ ti Òyìnbó, omi ìwẹwọ́ jẹ́ tiwa, aṣọ ìnuwọ́ jẹ́ tiwọn. Pípín báyìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ohun tó ṣe pàtàkì jù pamọ́ fún wa. Ìwà ìbánijẹun kì í ṣe ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ ipò ni. Ta ni ń da omi sí ọwọ́ ta? Ta ni a fún ní ohun ìnuwọ́, irú èwo sì ni? Ta ni ń jẹ ohun tó ṣẹ́kù?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a óò fi ka tábìlì méjì nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni tábìlì tí Lákúnlé, olùkọ́ ilé-ìwé inú eré-onítàn Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Lion and the Jewel, fi ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ́ fún Sídì. Èkejì ni tábìlì àríyá ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí aṣọ ìnuwọ́ tí a ká bí òdòdó ti di ara ohun tí a fi ń mọ àríyá tó gbayì. A mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà. Síbẹ̀, abúlé Yorùbá ni Ìlújìnlẹ̀ tó ti wáyé, èrò Yorùbá ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń rò, àwọn ọmọ Yorùbá tó sì ti kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lóǹkà. Ojú tí a kọ́ wọn láti fi wo Lákúnlé ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé Lákúnlé béèrè ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pé àwa onílámèyítọ́ kó méjèèjì dànù pọ̀, àti pé Èkó òde òní ti mú èyí tó fúyẹ́ nínú méjèèjì, ó fi èyí tó wúwo sílẹ̀.

Omi ìwẹwọ́ àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Bí a bá ti pa òwe yìí, ìtumọ̀ tó máa ń yá sí wa lẹ́nu ni ìmọ́tótó, tàbí kí a sọ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ yóò bá àwọn ènìyàn ńlá ṣe pọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ dáadáa. Òwe náà kò sọ pé kí ọmọ wẹ ọwọ́ lásán; ó ní kí ó mọ ọwọ́ wẹ̀. Ìmọ̀ ni. Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé omi wá, ó mọ ọwọ́ ẹni tó yẹ kí omi kọ́kọ́ kàn, ó mọ̀ pé òun ni yóò wẹ̀ kẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé bí oúnjẹ bá tán, òun náà ni yóò tún dìde gbé omi wá. Ọwọ́ tó mọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ètò àgbà àti èwe ti yé e.

Nínú ilé tí wọ́n ti ń jọ jẹ ọ̀kèlè láti inú àwo kan, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹun. Ọmọ a máa bu ọ̀kèlè láti iwájú ara rẹ̀. Kì í nawọ́ sí ẹran kí àgbà tó fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń wá: ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Níhìn-ín gan-an ni ìyàtọ̀ omi sí aṣọ ìnuwọ́ wà. Aṣọ ìnuwọ́ ń tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe: ó ń nu ọbẹ̀ tó ta sí ètè, ó ń gba èyí tó fẹ́ kán sí aṣọ. Omi ní tirẹ̀ ń ṣáájú. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó pé ọwọ́ tó fẹ́ wọ inú àwo àjọjẹ ti mọ́. Ẹni tó ń lo aṣọ ìnuwọ́ ń ṣọ́ ara rẹ̀ àti aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń wẹ ọwọ́ ń ṣọ́ àwo tí gbogbo ènìyàn jọ ń jẹ.

Òwe mìíràn fi kún èyí: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọ̀rọ̀ àṣẹ́kù ni òwe yìí ń sọ. Nínú ètò tó bí i, ohun tí àgbà fi sílẹ̀ nínú àwo kì í ṣe ìdọ̀tí tàbí ìwọ̀sí. Ẹ̀tọ́ ọmọ tó gbé omi wá ni, tó sì ń dúró láti palẹ̀ àwo mọ́. Àgbà tó bá jẹ ẹ́ tán pátápátá ti jẹ owó iṣẹ́ ọmọ náà, òwe sì ti ṣe ìdájọ́ rẹ̀: kò ní rí ẹni bá a ru ẹrù mọ́. Nítorí náà, omi àti àṣẹ́kù so mọ́ra. Ọmọ fún àgbà ní omi, àgbà fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ṣe ń gbé ara rẹ̀ ró.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà ju bó ti yẹ lọ. Ọmọdé tó ń jẹ àṣẹ́kù lónìí yóò dàgbà, òun náà yóò di ẹni tí a ń da omi sí lọ́wọ́. Ìyàwó ilé ńkọ́? Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women tó jáde ní 1997, jiyàn pé ipò àgbà ni a fi ń to ènìyàn nínú àwùjọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kì í ṣe jíjẹ́ akọ tàbí abo. Ó ṣàlàyé pé láti ọjọ́ tí ìyàwó bá wọ agbo ilé ni a ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí a ti bí sínú ilé náà kí ó tó dé jẹ́ àgbà fún un. Bí a bá gba àlàyé yìí, a óò rí i pé ìyàwó tó ń dúró kí ọkọ jẹun tán kí òun tó jẹ ìyókù wà ní ipò àbúrò. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nípò náà kò ní ibòmíràn tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ju ibi àwo oúnjẹ lọ. Ohun tí Lákúnlé gbìyànjú láti sọ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kò gbé e dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà níbẹ̀. Ọpọ́n omi kan tí ènìyàn mẹ́fà ti ki ọwọ́ bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò mọ́ mọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹfà, ẹni ìkẹfà yìí ni ó sì kéré jù. Omi tó ń ṣàn ni àwọn elétò ìlera ń gbani níyànjú láti fi wẹ ọwọ́. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, àti nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, garawa onífáánù àti ọṣẹ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àǹfààní rẹ̀ kò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n kí onílámèyítọ́ ṣàkíyèsí ohun tó yí padà: níbi garawa náà, kò sí ẹni tó ń da omi sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mọ́, ètò àgbà àti èwe dákẹ́.

Tábìlì Lákúnlé

Ìlú Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ ṣe The Lion and the Jewel lórí ìtàgé ní 1959. Ilé-iṣẹ́ Oxford University Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Sídì ni arẹwà abúlé. Lákúnlé, olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, fẹ́ fi í ṣe aya, ṣùgbọ́n kò fẹ́ san owó orí. Bárókà, Bálẹ̀ Ìlújìnlẹ̀ tó ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, fẹ́ ẹ pẹ̀lú, Bárókà ló sì borí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, bí Lákúnlé ti ń rọ Sídì láti gbà fún òun, ó ṣàpèjúwe irú ìgbéyàwó tí òun fẹ́. Ó ní àwọn yóò jọ jókòó sí ìdí tábìlì, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Wọn kò ní fi ìka jẹun, ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ni wọn yóò lò, pẹ̀lú àwo tó lè fọ́, bí àwọn ọ̀làjú. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó fi kún un pé òun kò ní jẹ́ kí aya òun máa dúró de òun títí òun yóò fi yó, pé aya òun kò ní jẹ àṣẹ́kù inú àwo òun bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe. Níbòmíràn, ó sọ̀rọ̀ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ọ̀dà ètè àti ijó Òyìnbó tí wọ́n ń jó ní Èkó.

A máa ń rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ yìí, Ṣóyínká sì fẹ́ kí a rín in. Ẹ̀rín náà ń jáde láti ara àwo tó lè fọ́. Kí ni ìwúlò àwo tó lè fọ́ fún ẹni tó ní èyí tí kì í fọ́? Lákúnlé mú àléébù irinṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ di ẹ̀yẹ. Láti ibẹ̀ ni ìṣelámèyítọ́ tó gbajúmọ̀ lórí eré yìí ti ń gba ọ̀nà tó tẹ́jú lọ: Lákúnlé dúró fún ọ̀làjú tí kò jinlẹ̀, Bárókà dúró fún àṣà tó gbọ́n, tó mọ bí a ti ń mú tuntun wọ inú ògbólógbòó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ ìdáhùn yìí sínú ìwé ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta wa tún un kà. Bí a bá mú ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti àwo kúrò nínú ọ̀rọ̀ Lákúnlé, kí ló kù? Ó ku pé kí aya jókòó. Ó ku pé kí ó má dúró. Ó ku pé kí ó má jẹ àṣẹ́kù bí ọmọdé. Kò sí ohun kan nínú mẹ́ta yìí tó nílò fọ́ọ̀kì. Tọkọtaya lè fi ọwọ́ jẹ iyán lórí ẹní kí wọ́n sì mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ. Ìbéèrè tó wúwo ni Lákúnlé béèrè, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan àjèjì dì í, ẹrù àjèjì náà ni gbogbo ènìyàn rí.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú eré náà tí a kì í kà kún. Bí ìran àkọ́kọ́ ti ṣí, garawa omi ni Sídì rù sórí. Lákúnlé sáré bọ́ síta, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì dà sí i lára. Sídì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo ohun tí Lákúnlé sọ pé òun yóò ṣe fún obìnrin, èyí ni iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́kọ́ rí kí ó ṣe: ó gba omi lórí obìnrin. Nínú àwùjọ tí ẹni tó kéré ti ń gbé omi fún ẹni tó jù ú lọ, ọkùnrin tó gba garawa lórí ọmọbìnrin ti dojú ètò náà kọ ní ibi tó ti jinlẹ̀ jù. Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e kì í ṣe ti àwàdà nìkan. Ọ̀nà tí àwùjọ fi ń dá ẹni tó fẹ́ yí ètò padà lẹ́kun ni.

Tábìlì kejì wà nínú eré náà, ti Bárókà. Sàdíkù, ìyálé Bálẹ̀, ló mú ìpè wá fún Sídì pé kí ó wá jẹ oúnjẹ alẹ́ ní ààfin. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé a ti gbọ́ bí ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí: obìnrin tó bá bá Bálẹ̀ jẹun lálẹ́ òní ń di aya tàbí àlè rẹ̀ ní ọ̀la. Nígbà tí Sídì wá lọ, ohun tó gba ìran náà kan ni ìjàkadì, ọ̀rọ̀ dídùn àti ẹ̀rọ òǹtẹ̀ ìwé. Oúnjẹ jẹ́ orúkọ tí a fún ìdẹkùn. Àwọn tó ń pe Bárókà ní alábòójútó àṣà ní láti dáhùn ìbéèrè yìí: èwo nínú ẹ̀kọ́ ìbánijẹun Yorùbá ló hàn lọ́dọ̀ rẹ̀? Àgbà tó pe ọmọdé wá jẹun, tó wá sọ àlejò náà di oúnjẹ, ti jẹ àjẹìwẹ̀yìn tó burú jù.

Àléébù Lákúnlé, lójú tiwa, ni pé ó gbàgbọ́ pé irinṣẹ́ ni í bí ìwà: pé bí àwo tó lè fọ́ bá ti dé orí tábìlì, aya yóò rí àga jókòó. Àléébù àwa onílámèyítọ́ ni pé a gba ìgbàgbọ́ kan náà láìmọ̀. Nítorí pé a kọ àwo, a kọ àga. Kò sí ẹni tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú wa.

Tábìlì Ṣáṣá

Lákúnlé tọ́ka sí Èkó gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohun tí òun ń sọ ti ṣẹ. Ó yẹ kí a lọ wò ó. Ṣáṣá, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akówọnjọ àti Ẹ̀gbẹ́dá, kì í ṣe àdúgbò àwọn olówó Èkó. Àdúgbò àwọn oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ayálégbé ni, tí ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ ń gbé. Ìdí nìyí tí àríyá rẹ̀ fi yẹ fún àyẹ̀wò: níbẹ̀ ni a ti lè rí ohun tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó yẹ kí ó wà ní ibi ayẹyẹ, kì í ṣe ohun tí ọlọ́rọ̀ nìkan lè ṣe.

Ní irú àríyá bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí ẹni àádọ́ta ọdún, tábìlì wọ aṣọ, àga náà wọ aṣọ, ọ̀já aláwọ̀ ọjọ́ náà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí tábìlì tó sún mọ́ olóde, ife gíláàsì dúró, aṣọ ìnuwọ́ sì wà nínú rẹ̀, tí a ká bí abẹ̀bẹ̀ tàbí bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nígbà tí oúnjẹ bá dé, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò yóò rọra gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú aṣọ inú rẹ̀. Wọn yóò jẹun, wọn yóò fi tíṣù nu ẹnu, wọn yóò dá omi inú ike sí ọwọ́, aṣọ ìnuwọ́ yóò sì wà nínú ife bí a ṣe bá a títí àríyá yóò fi tú.

Ìdáhùn tó rọrùn ni pé àlejò kò mọ ìlò rẹ̀. A kò gba èyí. Ẹni tó ti lọ sí ogún àríyá mọ ohun tí aṣọ náà wà fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú Yorùbá ti ka aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí gèlè. Aṣọ tí a fi ọgbọ́n ká, tí ìṣẹ́po rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ ẹbí mu, ọ̀ṣọ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í tú gèlè onígèlè láti fi nu ọbẹ̀ ẹnu. Tábìlì ti wọṣọ wá sí òde bí àwọn ènìyàn ti wọṣọ. Bí a bá tilẹ̀ mọ̀ pé yíyá ni ọ̀pọ̀ olóde ń yá aṣọ wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, àti pé epo pupa kì í tètè kúrò lára aṣọ funfun, ọ̀wọ̀ tí àlejò bù fún un tún yé wa sí i. Àṣà tó dé láti òkèèrè gẹ́gẹ́ bí ohun ìlò ti bọ́ sínú ìmọ̀ ẹwà tiwa, ó sì ti di ohun wíwò. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ìtumọ̀ tuntun ni.

Ìtàn aṣọ ìnuwọ́ fúnra rẹ̀ fi hàn pé kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo rí. Ní Róòmù àtijọ́, àlejò a máa mú tirẹ̀ lọ sí ibi àsè, àwọn kan a sì máa di oúnjẹ sínú rẹ̀ lọ sílé. Akéwì Martial fi irú wọn ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ti rí ọ̀rá tí a ń yọ nínú àpò ní ìparí àríyá Èkó yóò mọ̀ pé ìwà náà kò ní orílẹ̀-èdè. Ní 1530, Erasmus kọ ìwé kékeré kan lórí ìwà ọmọlúàbí fún àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ Yúróòpù. Ó kọ́ wọn pé bí a bá fún wọn ní aṣọ ìnuwọ́, kí wọ́n fi lé èjìká òsì tàbí apá òsì, kí wọ́n má sì lá ìka tó ní ọ̀rá tàbí kí wọ́n fi nu ẹ̀wù. Nígbà tí Norbert Elias, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ń ṣàlàyé ní 1939 bí ìwà ọ̀làjú ṣe dàgbà ní Yúróòpù, ìwé yìí wà lára ohun tó gbé àlàyé rẹ̀ lé. Ẹ wo ohun tí ìkìlọ̀ Erasmus jẹ́wọ́: ọwọ́ ni àwọn ọmọ náà fi ń jẹun. Aṣọ ìnuwọ́ ṣáájú fọ́ọ̀kì lórí ọ̀pọ̀ tábìlì Yúróòpù. Ohun tí a ń pè ní ìjà láàárín ọwọ́ Yorùbá àti aṣọ ìnuwọ́ Òyìnbó kò ní ìpìlẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ni a dá aṣọ náà fún.

Ìnuwọ́ àti ipò

Bí a bá ti rí ẹwà rẹ̀ tán, ó kù kí a béèrè ipò tó ń sọ. Nínú gbọ̀ngàn kan náà, kì í ṣe gbogbo tábìlì ló ń ní aṣọ ìnuwọ́. Àga àwọn ọlọ́lá ní aṣọ tí a ká. Tábìlì tó tẹ̀ lé e ní tíṣù tí a fi we fọ́ọ̀kì. Èyí tó wà lẹ́yìn ní ṣíbí oníke. Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà níta, tí gbọ̀ngàn kò gbà, gba oúnjẹ inú ike onídèérí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olóde ṣe to àwọn àlejò rẹ̀ kò nílò láti béèrè. Kí ó wo ohun tí a fi fún wọn nu ọwọ́.

Omi ìwẹwọ́ náà ń to ènìyàn, bí a ti rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni ó fi ń tò ó, ọjọ́ orí sì ń bọ̀ wá bá gbogbo ẹni tó bá yè. Owó àti ipò ní ìlú ni aṣọ ìnuwọ́ ń wò. Ọmọ ogójì ọdún tó ń ná owó lè jókòó nínú, kí arúgbó tó wá láti abúlé jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ìyípadà tó dé bá tábìlì wa kì í ṣe láti orí àṣà Yorùbá sí orí àṣà Òyìnbó. Láti orí ipò àgbà sí orí ipò owó ni. Ìṣelámèyítọ́ tó bá dúró sí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì àti ọwọ́ kò ní rí ìyípadà yìí rárá.

Àga tí Lákúnlé béèrè ńkọ́? Òótọ́ ni pé obìnrin àti ọkùnrin jọ ń jókòó sí ìdí tábìlì kan ní Ṣáṣá, tí aya kì í dúró de ọkọ níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ó sì yẹ kí a kà á sí Lákúnlé lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dídúró náà kò tán; ó ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún alásè dúró láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn ni wọ́n ń gba ìbínú ẹni tí ẹran rẹ̀ kéré. Bí gbogbo ènìyàn bá jẹun tán, ohun tó kù ní ìsàlẹ̀ kúlà ni tiwọn, bí ó bá kù. Ọmọ tó ń jẹ àṣẹ́kù lábẹ́ ètò àtijọ́ ní àgbà tí òwe ń ṣọ́ pé kí ó má jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ta ni òwe ń ṣọ́ fún ọmọbìnrin yìí? Àlejò kò mọ̀ ọ́n, olóde kò mọ orúkọ rẹ̀, àṣẹ́kù sì ti di ohun tí a ń dì sínú ọ̀rá lọ sílé.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé Èkó mú èyí tó fúyẹ́ nínú ìbéèrè Lákúnlé. Àwo tó lè fọ́ ti dé, ife ti dé, aṣọ ìnuwọ́ tí a ká bí òdòdó ti dé. Pé kí ẹnikẹ́ni má dúró kí ẹlòmíràn yó kí òun tó jẹ àṣẹ́kù rẹ̀, èyí ṣì wà nílẹ̀.

Lábẹ́ àtíbàbà níta, níbi tí aṣọ ìnuwọ́ kò dé, ohun mìíràn wà tí a kì í kà sí. Nígbà tí àmàlà bá dé, tí kò sì sí ọpọ́n, ẹnìkan yóò fi eyín ya etí omi inú ọ̀rá, yóò dà á sí ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onítọ̀hún yóò gba ọ̀rá omi náà, yóò da ìyókù sí tirẹ̀. Wọ́n lè má mọ ara wọn rí. Àgbà lè dà á fún èwe, ọkùnrin lè dà á fún obìnrin, nítorí pé ẹni tí ọ̀rá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò dà á. Òwe ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń mú ṣẹ níbẹ̀, láìsí àgbà tó ń retí iṣẹ́ ìsìn, láìsí àwo tó lè fọ́. Ohun tí Lákúnlé wá lọ sínú àpótí ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì wà nínú ọ̀rá omi kan.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá ọpọ́n omi padà, kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a ju aṣọ ìnuwọ́ nù. Ẹwà rẹ̀ lórí tábìlì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn, ojú Yorùbá sì ti fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, tábìlì tó wọṣọ kọ́ sì ni tábìlì tó ní ìwà.

Fún ìṣelámèyítọ́, a dábàá pé nígbàkúùgbà tí a bá dé ibi oúnjẹ nínú eré, ìtàn àròsọ tàbí fíìmù wa, kí a fi ìbéèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tàbí fọ́ọ̀kì sí ipò kejì. Kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó da omi, ẹni tí a fún ní ìnuwọ́, àti ẹni tó jẹ ìyókù. Ìbéèrè wọ̀nyí yóò jẹ́ kí a lè rẹ́rìn-ín sí àwo Lákúnlé bí Ṣóyínká ti fẹ́, kí a má sì rẹ́rìn-ín sí àga tó fẹ́ fún Sídì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń ka eré yìí lọ́wọ́ wa wà lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Bí a bá kọ́ wọn pé kò sí ohun kan tó mọ́gbọ́n dání nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn, a ti kọ́ wọn pé kí wọ́n dúró títí gbogbo ènìyàn yóò fi yó.